Wákàtí Tó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Wa: Ewu Oyún àti Ohun Tí Ilé Lè Ṣe Kí Ìrọbí Tó Dé

Ẹ̀yin àgbà àdúgbò, ẹ̀yin ìyá ìjọ àti ìyá àdínì, ẹ̀yin lanlọ́ọ̀dù Àkóbọ̀ láti General Gas títí dé Ojúrin, mo rí i pé àwọn ọkùnrin pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, inú mi sì dùn sí i gan-an, nítorí pé ọ̀rọ̀ oyún tí mo gbé wá, ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ ni mo fẹ́ bá sọ ọ́ ju aboyún fúnra rẹ̀ lọ. Aboyún ló ń ru oyún. Àwọn ẹlòmíràn ló sábà máa ń pinnu ibi tí yóò gbé e lọ àti ìgbà tí yóò gbéra.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti àwọn àjọ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ìṣirò kan jáde. Wọ́n ní lọ́dún 2023, nǹkan bíi 260,000 obìnrin ló kú nítorí oyún tàbí ìbímọ káàkiri ayé. Nínú wọn, nǹkan bíi 75,000 ló jẹ́ ti Nàìjíríà. Ẹ pín in sí ọjọ́: ó lé ní 200 lójúmọ́. Kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi nínú gbọ̀ngàn yìí, àwọn ìyá kan yóò ti lọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ ká yà sọ́tọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí oyún le mọ́ obìnrin, ọ̀tọ̀ ni. Kó kú, ọ̀tọ̀ ni. Kò sí dókítà tó lè to aboyún mẹ́wàá síwájú kó nàka sí ọ̀kan pé tìẹ ni yóò le. A mọ àwọn tí ewu wọn pọ̀ o: ọmọdébìnrin tí ara rẹ̀ kò tíì gbó, ẹni tó ti lé ní 35, olóyún ìbejì, ẹni tí wọ́n ti fi abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ rí, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ SS, ẹni tó bímọ tí kò tíì pé ọdún méjì tó tún lóyún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí lára àwọn wọ̀nyí náà lè kó sínú ewu. Obìnrin tó ti bí mẹ́rin wọ́ọ́rọ́wọ́ lè da ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá bí ìkarùn-ún. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Títí dòní, àwọn ilé kan ṣì wà tí wọ́n ti máa ń sọ fún obìnrin tí ìrọbí rẹ̀ bá pẹ́ pé kó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀. Orí ọmọ tó tóbi ju ìbàdí ìyá rẹ̀ lọ kò mọ ìjẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ wákàtí tí wọ́n fi ń fọ̀rọ̀ wá obìnrin náà lẹ́nu wò, wákàtí tó yẹ kó fi wà lójú ọ̀nà ni.

Láàárín ọdún 2012 sí 2013, Dókítà Olufemi Oladapo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá 42 káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2016. Ìyá 998 ló kú, 1,451 sì lọ dé ẹnu ikú kí wọ́n tó padà. Nínú gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyí, 91.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ẹ̀mí ti fẹ́ bọ́ kí wọ́n tó gbé wọn wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún àti gìrì rẹ̀ ló ṣíwájú ohun tó fà á, ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ ló tẹ̀ lé e. Àbùkù ìtọ́jú tó ga jù tí wọ́n rí ni pípẹ́ kí wọ́n tó gbé obìnrin dé. Àìní adójútòfò ìlera tẹ̀ lé e, àìsí ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí i lára ṣe ìkẹta. Bí ìwádìí yìí bá dúró síbẹ̀, a ó ní ẹ̀bi ilé nìkan ni. Kò dúró síbẹ̀. Wọ́n tún wo iye àsìkò tó ń kọjá láti ìgbà tí dókítà bá ti mọ ohun tó ń ṣe obìnrin títí dìgbà tí wọ́n bá ṣe ohun tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ìdajì wọn dúró tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún tó dúró ju wákàtí mẹ́rin lọ, nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Ilé ń fi wákàtí ṣòfò, ilé ìwòsàn náà ń fi ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé.

Ẹ bá mi fojú inú wo obìnrin kan ní Alégongo, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Láti àárọ̀ ni orí ti ń fọ́ ọ. Ó lo Panadol, kò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ wú, ó ń rí ohun tó ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì níwájú rẹ̀, abẹ́ àyà rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ń dùn ún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní gbogbo aboyún ló ń wú, ó ní òun náà wú nígbà tí òun lóyún ọkọ rẹ̀. Ọkọ wà ní Èkó. Wọ́n pè é, ó ní kí wọ́n dúró dìgbà tí òun bá dé lọ́la. Ní aago kan òru, gìrì gbé e. Ẹnìkan pariwo pé wárápá ni. Òmíràn ń fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀, òmíràn ń wá àgbo, ẹnìkan ń pe wòlíì lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n máa gbà pé ọsibítù ló kàn, aago méjì àbọ̀ ti lù. Kò sí mọ́tò nínú ilé. Aládùúgbò tó ní mọ́tò jí, ó gbé wọn, wọ́n dé ẹnu géètì àdúgbò: àgádágodo. Ọlọ́dẹ tó mú kọ́kọ́rọ́ wà ní òpópónà kejì. Wọ́n dé kíníìkì aládàáni kan, wọ́n ní agbára àwọn kò ká a, kí wọ́n máa gbé e lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn níbí. Wọ́n gba Baṣọ̀run, wọ́n gba Total Garden. Aago mẹ́rin ti lù kó tó dójú bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo to ìtàn yìí, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n kò sí agbẹ̀bí kan ní Ìbàdàn tí kò mọ apá kan nínú rẹ̀. Ọ̀nà láti ibí dé UCH kò jìnnà lóru. Ọ̀nà kọ́ ló jẹ wákàtí wọ̀nyẹn.

Kí ló ṣe obìnrin náà? Ibi ọmọ ló wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ó yẹ kí ibi ọmọ ta gbòǹgbò wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ, kí iṣan náà fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá dáadáa. Lára obìnrin mìíràn, gbòǹgbò náà kì í wọlé tó. Ibi ọmọ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó yóò wá máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ìyẹn ni yóò máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ láti ọpọlọ dé ẹ̀dọ̀ dé kíndìnrín. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ru, tí purotéènì fi ń bá ìtọ̀ jáde, tí ọpọlọ fi ń fún un ní gìrì. Bí òǹkà ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún bá dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Bó bá dé 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, kó máa lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ wíwú nìkan lè máà jẹ́ nǹkan kan. Ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, orí fífọ́ tí kò gbọ́ Panadol, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ìrora lábẹ́ àyà: èyíkéyìí nínú wọn tó láti gbé mọ́tò jáde lóru. Òṣì ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀jẹ̀ á ti ru gan-an tí obìnrin kò ní mọ nǹkan kan lára. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí oyún fífi pamọ́. Mo mọ̀ pé a kì í pariwo oyún tuntun. Ìyá mi gan-an kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ kó tó yọ, mi ò sì wá síbí láti bú àṣà. Ẹ fi pamọ́ fún aládùúgbò, ẹ fi pamọ́ fún ìdílé ọkọ bó bá wù yín. Ẹ má fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì. Láti ọdún 2016 ni WHO ti ní kí aboyún rí elétò ìlera, ó kéré tán, ìgbà mẹ́jọ, kí ti àkọ́kọ́ sì wáyé kí oyún tó ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ. Ìdí tó fi tètè bẹ́ẹ̀ ni pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣe ń lọ kí oyún tó yí i padà. Ìdí kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tí ewu gìrì rẹ̀ pọ̀, bí ẹni tó ti bá a jà nínú oyún ìṣáájú, oògùn aspirin oníwọ̀n kékeré, mílígíráàmù 75 lóòjọ́, lè dín ewu náà kù, ṣùgbọ́n kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20 ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ní àṣẹ dókítà. Obìnrin tó bá wá forúkọ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ti pàdánù rẹ̀. Gbòǹgbò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ta tán.

Fún ẹni tí ó ti ń bọ̀ wá di gìrì, abẹ́rẹ́ magnesium sulphate wà. Kò wọ́n. Lọ́dún 2002 ni èsì ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Magpie jáde: obìnrin 10,141 ní orílẹ̀-èdè 33, Nàìjíríà wà nínú wọn. Abẹ́rẹ́ náà dín ewu gìrì kù ju ìdajì lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ọkọ béèrè ní kíníìkì tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ sí nìyí, kó tó wo bí wọ́n ṣe kun ilé náà: ṣé ẹ ní magnesium? Ta ló mọ̀ ọ́n gún nínú yín?

Ẹ̀jẹ̀ dídà kì í fún èèyàn ní àyè tó báyìí. Nígbà tí oyún bá gbó, ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá nínú ilé ọmọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo lè tó ìdajì lítà. Lẹ́yìn tí ibi bá bọ́, ilé ọmọ gbọ́dọ̀ sún kì, kó di ẹnu àwọn iṣan náà pa. Bí kò bá sún kì, obìnrin tí ara rẹ̀ le kókó lè kú láàárín wákàtí méjì. Olóyún ìbejì, ẹni tó ti bímọ púpọ̀, ẹni tí ìrọbí rẹ̀ pẹ́, ilé ọmọ wọn ti rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀ kò ní èyí tó lè pàdánù. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń yọ yín lẹ́nu pé ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ gbé oògùn ibà aboyún mì níwájú òun.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí, ó yẹ kí orí Ìbàdàn wú. Oògùn kan wà, tranexamic acid, tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Wọ́n dán an wò lára ìyá 20,060 ní orílẹ̀-èdè 21, àwọn obìnrin Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bukola Fawole ti UCH sì wà lára àwọn tó ṣe kòkárí rẹ̀ nílẹ̀ wa. Èsì jáde lọ́dún 2017: bí wọ́n bá fún ìyá ní oògùn náà láàárín wákàtí mẹ́ta tó bímọ, ikú tí ẹ̀jẹ̀ dídà ń fà dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, èrè náà kò sí mọ́. Nígbà tó di 2023, ìwádìí E-MOTIVE tún jáde láti Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tansaníà àti Gúúsù Áfíríkà, lára obìnrin tó lé ní 200,000. Ọ̀rá kan ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá, ó ní ìlà tó ń fi ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ hàn. Ojú lásán máa ń tan àwa agbẹ̀bí jẹ: a ó wo aṣọ tó rin, a ó ní ẹ̀jẹ̀ náà kò pọ̀. Ìlà ara ọ̀rá kì í tan èèyàn. Bí wọ́n bá ti rí i pé ó ń pọ̀, wọn yóò ra ikùn, wọn yóò fún un ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì pẹ̀lú tranexamic acid, wọn yóò so omi mọ́ ọn, wọn yóò yẹ ojú ara rẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ dídà tó le dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rá lásán, àti àwọn tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe.

Mo dárúkọ ìbejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Patrick Nylander ṣe ìwádìí láti Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ó sì rí i pé nínú ìbímọ 1,000 ní ẹkùn Igbó-Ọrà, nǹkan bíi 45 ló jẹ́ ìbejì. Ó wà lára èyí tó ga jù lọ láyé. À ń gbàdúrà fún ìbejì, à ń jó fún wọn, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé méjì ló wà níkùn rẹ̀, kò gbọdọ̀ bímọ sí ibi tí kò sí yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ nítòsí, bí ó ti wù kí inú ìdílé dùn tó.

Ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ gba sùúrù. Mi ò ní pè wọ́n ní ọ̀tá. Obìnrin ń lọ síbẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ń bá a gbàdúrà, wọn kì í jágbe mọ́ ọn, wọn kì í lé e padà nítorí owó. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níjòókòó, ẹ gbọ́ ìyẹn. Ẹ wo àpẹẹrẹ Oǹdó. Lọ́dún 2009, ìjọba Olusegun Mimiko ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú aboyún tí wọ́n ń pè ní Abíyè láti Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ́rẹ̀. Lọ́dún 2010, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Síbẹ̀ àwọn obìnrin kan ṣì ń lọ sọ́dọ̀ ìyá alágbo. Nígbà tó di 2014, wọ́n gbé Agbẹ̀bíyè dìde: wọ́n ń san ohun kan fún àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì fún aboyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá sílé ìwòsàn, wọ́n sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ mìíràn tí wọn yóò fi máa jẹun. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí o bá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ kò ní bá ọ ṣe. Mo gbà pé ọgbọ́n náà yẹ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú níbí. Ẹ̀yin olùṣọ́àgùntàn, ẹ máa gbàdúrà fún wọn kí wọ́n bí bí obìnrin Hébérù, kí ẹ sì béèrè káàdì kíníìkì lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn àmín. Bí dókítà bá ní abẹ ni yóò gbà, kí aboyún má ṣe gbọ́ láti orí pẹpẹ pé ìgbàgbọ́ òun ló kéré. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù ni ti àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ kánjú mú ìrọbí lágbára nínú ilé tí kò sí dókítà. Abẹ́rẹ́ yẹn lè ya ilé ọmọ, àgàgà ti ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí.

Wàyí o, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí oyún tó pé oṣù méje, kí ọkọ, ìyàwó àti ìyá jókòó fún ìrọ̀lẹ́ kan. Kí wọ́n sọ ọ́ síta pé bí ọkọ kò bá sí nílé, ta ló ní àṣẹ láti sọ pé ó yá? Mo fẹ́ kí ọkọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ létí ìyá rẹ̀ pé, “Mọ́mì, bí mi ò bá sí nílé, ẹ má dúró dè mí o.” Kí wọ́n mọ mọ́tò tí wọn yóò lò àti èkejì rẹ̀. Ẹ̀yin lanlọ́ọ̀dù, ti géètì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè yanjú rẹ̀ níbi ìpàdé yín tó ń bọ̀: kí ọlọ́dẹ mọ ilé tí aboyún wà, kí kọ́kọ́rọ́ kejì wà nílé tó sún mọ́ géètì jù, kí nọ́ńbà ẹni náà wà lára ògiri. Kò ní ná yín ní nǹkan.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ilé ìwòsàn ńlá sábà máa ń ní kí ọkọ aboyún wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ìbímọ tó dé, àwọn ọkùnrin á máa sá. Páìǹtì kan ni. Omi rẹ̀ yóò padà sára rẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ̀jẹ̀ pupa yóò padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ béèrè irú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ Rhesus negative, tí ọmọ sì jẹ́ positive, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láàárín wákàtí 72 tó bímọ, kí oyún tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa bàjẹ́.

Ti owó, adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSHIA, wà. Kí a tó lóyún ló yẹ ká ti wọ inú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ yóò di ọ̀fẹ́ fún àwọn obìnrin tí kò lówó. Ẹ lọ béèrè ní ilé ìwòsàn tí ẹ ń lò bóyá ó ti débẹ̀, kí ẹ tó dé orí àga ìrọbí. Ìjọba náà gbọ́dọ̀ dáhùn fún wákàtí mẹ́rin tó ń ṣòfò nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Ní Oǹdó, láti ọdún 2010, òfin ti ní kí wọ́n kéde ikú ìyá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wádìí ohun tó fà á. Ó yẹ kí ìyá tó bá kú ní ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tàbí ní kíníìkì èyíkéyìí ní Àkóbọ̀ ní ẹni tí yóò béèrè bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ̀, kì í ṣe láti wá ẹni tí wọn yóò lé kúrò níṣẹ́, bí kò ṣe láti mọ ibi tí wákàtí náà wọlé sí.

Ó ku ọ̀kan. Ewu kì í tán níjọ́ tí ọmọ bá ké. Gìrì lè gbé obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ lè ya lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò lè wọ ilé ọmọ kó di ibà. Ọjọ́ kẹjọ tí ilé ń kún fún ìkómọ bọ́ sí àárín àkókò yìí gan-an: orúkọ ń jáde, ìrẹsì ń jáde, ìyá ọmọ wà lórí ìdúró láti àárọ̀, ọmọ ni gbogbo ojú ń wò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé yàrá rẹ̀, kó bi í bí orí bá ń fọ́ ọ, bí ara rẹ̀ bá ń gbóná, iye ìgbà tó ti pààrọ̀ páàdì láti òwúrọ̀. Bí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí èyíkéyìí, tàbí tí páàdì bá ń rin láàárín wákàtí kan, ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Bàbá ọmọ lè dúró ti àlejò.